Alágbàṣe ní Ilé Orogún: Bí Kobold Press Ṣe Kọ̀wé fún Ilé-Iṣẹ́ tí Ó Ń Bá Díje

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, ilé-iṣẹ́ Wizards of the Coast gbé ìwé òfin ẹ̀dà karùn-ún eré Dungeons & Dragons jáde, ìwé ìtàn ńlá àkọ́kọ́ tí ó sì bá a rìn ni Hoard of the Dragon Queen. Àwọn méjì tí orúkọ wọn wà lára ìwé náà gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé, Wolfgang Baur àti Steve Winter, kì í ṣe òṣìṣẹ́ Wizards. Lábẹ́ Kobold Press ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ náà, ilé-iṣẹ́ kékeré tí Baur fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀, tí ó ń tẹ ìwé eré tirẹ̀, tí ó sì ń tà á fún àwọn oníbàárà kan náà tí Wizards ń fojú sùn. Ní 2012, ilé-iṣẹ́ yìí ti tẹ ìwé ńlá kan tí ó ń jẹ́ Midgard Campaign Setting, èyí tí wọ́n ṣe láti bá Pathfinder lọ, Pathfinder sì ni eré tí Paizo, ilé-iṣẹ́ mìíràn, fi ń gba oníbàárà lọ́wọ́ Dungeons & Dragons ní àkókò náà gan-an. Ẹni tí Wizards gbé iṣẹ́ tí ó ṣe pàtàkì jù lọ fún jẹ́ alábàáṣe orogún rẹ̀, ó sì tún ní ìsọ̀ tirẹ̀ nínú ọjà kan náà.

Kò sí ẹjọ́ kankan tí ó dé ilé-ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, kò sì sí ẹni tí ó fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni ní gbangba. Ìdí tí mo fi yàn án náà nìyẹn. Nígbà tí ìjà bá ti ṣẹlẹ̀, agbẹjọ́rò ni ó ń sọ̀rọ̀, ohun tí ó tọ́ sì máa ń pòórá sínú ohun tí a lè fi ẹ̀rí gbè lẹ́sẹ̀. Níbi tí ìjà kò ti sí ni a ti lè wo ohun tí alágbàṣe jẹ ẹni tí ó gbé iṣẹ́ fún un ní gbèsè ìwà, àti ohun tí kò jẹ ẹ́. Èrò tèmi ni pé kò sí àbùkù nínú kí alágbàṣe ṣiṣẹ́ fún ilé méjì tí wọ́n ń bá ara wọn díje. Ohun tí ó lè di àbùkù ni ohun tí ó bá gbé láti ilé kan wọ ilé kejì, àti ohun tí ó bá fà sẹ́yìn nínú iṣẹ́ tí wọ́n ti san owó rẹ̀.

Kí ẹni tí kò mọ irú eré yìí lè bá wa lọ: eré orí tábìlì ni, àmọ́ kò jọ ayò, kò sì jọ lúdò. Àwọn eléré á jókòó yí tábìlì ká. Ẹnì kan nínú wọn ni olùdarí, òun ni ó ń sọ ìtàn, tí ó sì ń ṣojú fún àwọn ọ̀tá àti àwọn ará ìlú inú rẹ̀. Àwọn yòókù á gbé ìwà akọni kọ̀ọ̀kan wọ̀, wọ́n á sọ ohun tí akọni wọn fẹ́ ṣe, dáìsì ni yóò sì sọ bóyá ó bọ́ sí i. Ìwé òfin ni ó ń sọ bí a ṣe ń ka dáìsì. Ìwé ìtàn, irú èyí tí Baur àti Winter kọ, ni olùdarí fi ń mọ ọ̀tá tí ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn wo, àti bí ọgbẹ́ tí ọ̀tá náà lè gbà kí ó tó ṣubú ṣe pọ̀ tó. Gary Gygax àti Dave Arneson ni wọ́n gbé Dungeons & Dragons jáde ní 1974; TSR, ilé-iṣẹ́ tí ó ń tẹ̀ ẹ́, bọ́ sọ́wọ́ Wizards ní 1997, Wizards náà sì bọ́ sọ́wọ́ Hasbro, ilé-iṣẹ́ ohun ìṣeré, ní 1999.

Ọjà tí gbogbo ojú ti mọra

Ẹni tí ó bá fẹ́ dá irú ọ̀rọ̀ yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí ọjà náà ṣe kéré tó. Ní àyíká ìlú Seattle, ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, Wizards wà ní Renton nígbà náà, Paizo wà ní Redmond, Kobold Press sì ń gba lẹ́tà ní Kirkland. Ẹni tí ó bá ní mọ́tò lè kí gbogbo wọn láàárín òwúrọ̀ sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Àwọn ènìyàn inú rẹ̀ pàápàá, ilé kan náà ni wọ́n ti jáde. Baur ṣiṣẹ́ ní TSR ní àwọn ọdún 1990, ó sì ṣe olóòtú nínú ìwé ìròyìn wọn, Dungeon àti Dragon. Winter ti wà ní TSR láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Lisa Stevens, tí ó wà lára àwọn tí ó dá Paizo sílẹ̀ ní 2002, ti jẹ́ òṣìṣẹ́ Wizards rí. Chris Pramas dá Green Ronin, ilé-iṣẹ́ ìwé eré tirẹ̀, sílẹ̀ ní 2000 nígbà tí ó ṣì ń gba owó oṣù lọ́wọ́ Wizards, ọ̀kan nínú àwọn ìwé àkọ́kọ́ tí ó tẹ̀ sì bọ́ sójú ọjà ní ìpàtẹ Gen Con kan náà tí ẹ̀dà kẹta Dungeons & Dragons ti jáde. Kò sí ẹni tí ó lé e nítorí ìyẹn nígbà náà, torí pé ẹ̀dà kẹta ọ̀hún jáde pẹ̀lú Open Game License, ìwé àṣẹ tí àwọn ènìyàn ń pè ní OGL, èyí tí ó fún ẹnikẹ́ni láyè láti tẹ ìwé tí ó bá eré náà lọ láìsan kọ́bọ̀.

Nítorí náà, bí a bá ní kí alágbàṣe nínú iṣẹ́ yìí má ṣe bá ẹni tí ó ń bá oníṣẹ́ rẹ̀ (ẹni tí ó gbé iṣẹ́ fún un) díje ṣe pọ̀, a ti ní kí ó má ṣe bá ẹnikẹ́ni ṣe pọ̀ nìyẹn, nítorí pé orogún ni gbogbo wọn. Owó tí ó wà nínú rẹ̀ kò sì tó ohun tí ènìyàn ń fi ọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Iye ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń sanwó, sẹ́ǹtì díẹ̀ fún ọ̀rọ̀ kan. Ẹni tí ó bá kọ ọ̀rọ̀ 10,000, tí wọ́n sì san sẹ́ǹtì márùn-ún lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan fún un, 500 dọ́là ni yóò gbà, nínú èyí tí owó orí, owó dókítà àti owó iná wà, kò sì sí ẹni tí yóò san owó fún un ní ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ kò bá sí. Mo rò pé ẹni tí ó ń san irú owó báyìí kò ní ẹnu láti sọ pé òun nìkan ni kí alágbàṣe máa sìn. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ènìyàn jẹ́ tòun nìkan, kí ó gbà á síṣẹ́, kí ó sì máa san owó oṣù.

Ìtàn Baur fúnra rẹ̀ ní 2007 fi èyí hàn kedere. Ní ọdún náà, Wizards tẹ Expedition to the Demonweb Pits, ìwé tí òun àti Gwendolyn Kestrel jọ kọ. Ní ọdún náà kan náà, Wizards kò tún ìwé àṣẹ Dragon àti Dungeon ṣe fún Paizo mọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn ìwé ìròyìn méjèèjì ni Paizo fi ń jẹun. Paizo yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ ìwé ìtàn tirẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, ó pè é ní Pathfinder, Baur sì ni ó kọ ìdìpọ̀ kẹrin, Fortress of the Stone Giants. Àárín ìgbà yìí náà ni ó dá Kobold Quarterly, ìwé ìròyìn tirẹ̀, sílẹ̀. Ó kọ̀wé fún ilé tí ó gba nǹkan, ó kọ̀wé fún ilé tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì pàtẹ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn méjèèjì. Orúkọ rẹ̀ wà lára gbogbo rẹ̀. Ìkọ̀kọ̀ kankan kò sí níbẹ̀, mo sì ka èyí sí ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tí ó tẹ̀ lé e, nítorí pé nígbà tí Wizards yóò fi gbé ìwé dírágónì náà fún un, wọ́n mọ ẹni tí wọ́n ń bá ṣe àdéhùn, wọ́n mọ ohun tí ó ń tà, wọ́n sì mọ ẹni tí ó ń bá rìn.

Àṣírí tí ó ní ọjọ́ orí

Síbẹ̀, iṣẹ́ ti 2014 wúwo ju ti 2007 lọ ní ọ̀nà kan. Ẹni tí ó kọ Demonweb Pits, òfin tí gbogbo ayé ti ń lò ni ó fi kọ ọ́. Àwọn tí ó kọ Hoard of the Dragon Queen, òfin tí kò tí ì jáde, tí kò tilẹ̀ tí ì dúró, ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Lóòótọ́, Wizards ti pe gbogbo ènìyàn láti wá dán àkọsílẹ̀ òfin náà wò láti ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 2012, nítorí náà kì í ṣe pé ohun gbogbo wà lábẹ́ aṣọ. Àmọ́ ìyàtọ̀ wà láàárín àkọsílẹ̀ ìdánwò tí ẹnikẹ́ni lè gbà wò àti àwọn nǹkan tí ẹni tí ó wà nínú ilé nìkan ń mọ̀: bí agbára àwọn ẹ̀dá abàmì yóò ṣe rí nígbẹ̀yìn, ìtàn tí wọn yóò fi ṣí ẹ̀dà tuntun, àti oṣù tí ìwé wo yóò jáde. Fún ilé-iṣẹ́ tí òun náà ń tẹ ìwé ẹ̀dá abàmì, ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ tó owó. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n ṣáájú lè ti fi ìwé sílé ìtẹ̀wé kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó mọ ohun tí wọn yóò kọ.

Ohun tí ó wà ní gbangba ni pé ìwé ńlá ẹ̀dá abàmì tí Kobold Press ṣe fún ẹ̀dà karùn-ún, Tome of Beasts, di ọdún 2016 kí ó tó jáde. Nígbà náà, ìwé òfin ti wà lórí àtẹ fún bí ọdún méjì, Wizards fúnra rẹ̀ sì ti gbé ìpìlẹ̀ òfin náà jáde lábẹ́ OGL ní oṣù Kìíní ọdún yẹn. Àṣírí tí wọ́n bá Kobold sọ ti kú fúnra rẹ̀ bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́. Ohun tí gbogbo ọjà ti mọ̀ kì í ṣe àṣírí ẹnikẹ́ni mọ́. Bí ó ṣe yẹ kí ó rí náà nìyẹn. Ìwé àdéhùn ìpamọ́ àṣírí tí ó bá dára máa ń dárúkọ ohun tí a fi pa mọ́, ó sì máa ń sọ ìgbà tí ìdè náà yóò tú. Èyí tí ó bá ní kí alágbàṣe dákẹ́ lórí ohun gbogbo títí láé kò dáàbò bo àṣírí kankan. Ńṣe ni ó fẹ́ so ẹnu àti ọwọ́ rẹ̀ pọ̀.

Àwọn kan á ní ohun kan kò lè tú: ẹni tí ó bá kọ̀wé nígbà tí òfin ń yí lọ́wọ́ á mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀, ìmọ̀ yìí á sì máa wúlò fún un nínú iṣẹ́ tirẹ̀. Òótọ́ ni, n kò sì rí aburú níbẹ̀. Télọ̀ tí ó ń rán aṣọ ẹbí fún ìdílé méjì tí kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ fi àrà ìdílé kan han èkejì kí ọjọ́ ìnáwó tó kò, àmọ́ kò sí ẹni tí yóò ní kí ó gbàgbé bí ó ṣe mọ ọrùn gé láti ara aṣọ ti àkọ́kọ́. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti Amẹ́ríkà pàápàá fara mọ́ èyí: apá 102(b) nínú òfin wọn sọ pé ẹ̀tọ́ náà kò kan èrò, ìlànà tàbí ọ̀nà tí a ń gbà ṣe nǹkan, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ wọn sì ti là á sílẹ̀ láti 1879 nínú ẹjọ́ Baker àti Selden pé ẹni tí ó kọ̀wé nípa ọ̀nà ìṣírò kan kò tipa bẹ́ẹ̀ di olówó ọ̀nà náà. Ọ̀rọ̀ tí a fi ṣàlàyé eré, ìtàn àti àwọn akọni inú rẹ̀, ìwọ̀nyí ni ó ní oní-nǹkan. Bí a ṣe ń ju dáìsì kò ní.

Òru Greenest

Ẹ jẹ́ kí a sún mọ́ ìwé náà díẹ̀. Ní orí kìíní, àwọn akọni ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ayé wọn, wọ́n sì dé ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Greenest ní àṣálẹ́, wọ́n bá a tí iná ń jó, tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ awo dírágónì ń kó ẹrù àwọn ará ìlú, tí dírágónì aláwọ̀ aró kan sì ń fò yí ká lókè. Kí òru náà tó parí, Langdedrosa Cyanwrath, ẹni tí ó jẹ́ ìdajì ènìyàn, ìdajì dírágónì, á kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n wá síwájú odi, á sì ní kí akọni kan jáde wá bá òun jà ní òun àti òun. Ìwọ̀n ẹ̀mí tí ìwé náà fún un jẹ́ 57. Jagunjagun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní mẹ́wàá àti díẹ̀ lé. Ó hàn pé àwọn òǹkọ̀wé kò retí kí akọni borí, àmọ́ ìjà mìíràn tún wà ní òru náà, ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì, àwọn eléré púpọ̀ sì ráhùn pé ó le jù fún ẹni tí kò tí ì mọ apá òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún nínú eré tuntun.

Àwọn òǹkọ̀wé sọ nígbà tí ìwé jáde tán pé òfin ṣì ń yí nígbà tí àwọn ń kọ ọ́. Ohun tí a fi wọn iye tí ẹgbẹ́ akọni kan lè dojú kọ kò tí ì dúró sójú kan. Nígbà tí Wizards kó ìwé náà àti èkejì rẹ̀, The Rise of Tiamat, pọ̀ sí ìdìpọ̀ kan ní 2019, wọ́n tún àwọn ibì kan ṣe.

Ibí yìí ni mo ti rí i pé àwọn tí ń sọ̀rọ̀ nípa ìwà ọmọlúàbí alágbàṣe máa ń wo ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Wọ́n á bèèrè bóyá yóò tú àṣírí, bóyá yóò jí nǹkan. Àmọ́ ẹ wo ipò Baur àti Winter: wọ́n fi àdéhùn dì wọ́n lẹ́nu nígbà tí òfin ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, orúkọ wọn ni ó sì wà lẹ́yìn ìwé nígbà tí ìráhùn dé. Nítorí pé olùdíje ni wọ́n, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò mọ́ lè sọ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ba ọjọ́ ńlá Wizards jẹ́ ni. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó gbé sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ àyè náà ṣí sílẹ̀ gbayawu, alágbàṣe kò sì ní ohun tí yóò fi dí i bí kò ṣe orúkọ rere tí ó ti ní tẹ́lẹ̀. Gbèsè ẹni tí ó gbé iṣẹ́ síta ni láti sọ̀rọ̀ ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀, kí ó sọ pé òfin wa ni kò tí ì jinná. Ẹni tí ó bá di alágbàṣe lẹ́nu ti gba iṣẹ́ ẹnu náà ṣe ní ipò rẹ̀.

Dírágónì ta ni?

Ibi tí ó le jù lọ kò sí nínú ìwé àdéhùn kankan. Midgard, ilẹ̀ ìtàn tí ó jẹ́ ti Baur fúnra rẹ̀, ní ìjọba ńlá kan tí dírágónì ń ṣàkóso, Mharoti, ó sì wà nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní 2012. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, wọ́n gbé iṣẹ́ fún un láti kọ ìwé méjì nípa ẹgbẹ́ awo tí ó fẹ́ mú Tiamat, ayaba dírágónì olórí márùn-ún, wọ ayé. Orí kan ṣoṣo ni ó ń ro ìtàn méjèèjì. Bí èrò dírágónì kan tí ó dára bá ṣàdédé sọ sí i lọ́kàn lójú ọ̀nà, ilé wo ni yóò gbé e lọ?

Ní abẹ́ irú àdéhùn tí ó wọ́pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, tí òfin Amẹ́ríkà ti 1976 fàyè gbà fún irú àwọn iṣẹ́ kan tí a bá fọwọ́ sí i nínú ìwé, ẹni tí ó sanwó ni òfin ń kà sí òǹkọ̀wé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí alágbàṣe bá fi sínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti lọ pátápátá. Kò lè gbé e padà wá sílé ara rẹ̀. Ẹni tí kò ní ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ kò ní ohun tí ó ń pàdánù ju ìyẹn lọ. Ẹni tí ó ní, ní gbogbo ìgbà tí ó bá kọ gbólóhùn dáradára fún ẹlòmíràn, ó ti mú un kúrò nínú àpò ara rẹ̀. Ìdánwò tí ó wà níbẹ̀ kò ní ariwo: kí ó fi èyí tí ó dára jù sílé, kí ó kó ìkejì rẹ̀ fún oníbàárà. Kò sí agbẹjọ́rò tí ó lè mú un. Olóòtú tí ó ń gba iṣẹ́ náà kò lè mọ ohun tí kò rí.

Mo gbà pé ohun tí alágbàṣe jẹ oníṣẹ́ ní gbèsè níbí ni ohun tí ó dára jù lọ tí iṣẹ́ náà ń béèrè, kì í ṣe gbogbo ohun tí ó dára tí ó wà lórí rẹ̀. Èrò tí ó bá wá nítorí Tiamat, nígbà tí ó jókòó tì í, tí ó sì bá Tiamat mu, ti Tiamat ni. Èyí tí ó jẹ́ pé Mharoti ni ó bí i, kò sí gbèsè tí ó ní kí ó gbé e fún Wizards. Ààlà yìí kì í sábà mọ́ ketekete, ṣùgbọ́n ohun kan ń ràn án lọ́wọ́, òun sì ni pé Midgard ti wà lórí ìwé kí àdéhùn dírágónì tó dé. Ohun tí ó jẹ́ tèmi ti ní ọjọ́ ìbí. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ohun tí yóò ṣe kí ó tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ilé tí ó tóbi jù ú lọ, ohun tí n óò kọ́kọ́ sọ ni pé kí ó kọ àwọn ìtàn àti orúkọ tí ó ti ní tẹ́lẹ̀ sínú ìwé, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n wà lára àdéhùn náà ní orúkọ-orúkọ. Ẹni tí ó bá dúró di ìgbà tí iṣẹ́ parí kí ó tó máa sọ pé èyí ti wà lọ́kàn mi tipẹ́, ta ni yóò gbà á gbọ́?

Ọ̀rọ̀ àkókò pẹ̀lú kì í ṣe nǹkan kékeré, àmọ́ ó rọrùn: alágbàṣe kò gbọdọ̀ gba iṣẹ́ méjì tí ọjọ́ wọn kọlu ara wọn, kí ó wá máa fi ìyà jẹ iṣẹ́ ẹni tí kò pariwo.

Ohun tí òfin ìpínlẹ̀ náà wá sọ

Ní ọdún bí i mélòó kan lẹ́yìn ìwé dírágónì, ìpínlẹ̀ Washington ṣe òfin kan tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2020. Ó sọ pé àdéhùn tí ó bá ní kí òṣìṣẹ́ má ṣe bá olùdíje ṣiṣẹ́ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ bí owó òṣìṣẹ́ náà kò bá ju 100,000 dọ́là lọ lọ́dún. Fún ẹni tí ó ń dá iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe, iye náà jẹ́ 250,000 dọ́là nígbà náà, òfin náà sì ní kí wọ́n máa sún iye méjèèjì sókè bí owó ọjà ṣe ń lọ. Ẹni tí ń gba sẹ́ǹtì lórí ọ̀rọ̀ kò lè dé ibẹ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n òfin kan náà yọ àdéhùn ìpamọ́ àṣírí sọ́tọ̀, kò fọwọ́ kàn án. Ibi tí àwọn aṣòfin fa ìlà sí nìyẹn: oníṣẹ́ lè ní kí alágbàṣe pa ẹnu mọ́, kò lè ní kí ó pa iná ilé rẹ̀. Kì í ṣe nítorí eré dáìsì ni wọ́n ṣe é, àmọ́ Renton, Redmond àti Kirkland, abẹ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn wà.

Nígbà tí ìjà dé ní tòótọ́

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kìíní ọdún 2023, oníròyìn kan ní Gizmodo, ìwé ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì, tú ohun tí ó wà nínú ìwé àṣẹ tuntun tí Wizards fẹ́ fi rọ́pò OGL síta. Lára ohun tí ó wà níbẹ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ tí owó tí ó wọlé fún un bá ju 750,000 dọ́là lọ lọ́dún yóò máa san ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lórí èyí tí ó lé, àti pé ìwé àṣẹ àtijọ́ tí àwọn ènìyàn ti ń jẹ lórí rẹ̀ láti 2000 kò ní fẹsẹ̀ múlẹ̀ mọ́. Ọjọ́ 10 oṣù náà ni Kobold Press kéde pé òun yóò ṣe òfin eré tirẹ̀, tí ó fún ní orúkọ Project Black Flag (Iṣẹ́ Àsíá Dúdú) ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 12 ni Paizo kéde ìwé àṣẹ mìíràn tí kò ní jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ kankan, Kobold Press sì wà lára àwọn tí ó dara pọ̀ mọ́ ọn.

Ó ṣeé ṣe kí ẹni kan wo èyí kí ó ní, ẹ wo ẹni tí ó jẹ nínú ìkòkò Wizards, tí ó kọ ìwé àkọ́bí ẹ̀dà karùn-ún, tí ó wá ń gbé àsíá dúdú. Mo rò pé àṣìrò ni. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún Kobold ní 2014 parí ní 2014. Kobold jíṣẹ́, ó gba owó, ó pa àṣírí mọ́ títí àkókò rẹ̀ fi kọjá. Àdéhùn iṣẹ́ kì í ṣe ẹbí. Kò sí ohun tí ó ní kí ẹni tí ó rán aṣọ fún ọ lẹ́ẹ̀kan máa bá ọ gbèjà nígbà tí o bá fẹ́ ti ìsọ̀ rẹ̀ pa. Ní tèmi, Wizards ni ó sún mọ́ ibi tí a ti lè sọ̀rọ̀ ìdàlẹ̀ jù nínú ìtàn ọdún 2023, nítorí pé ilé-iṣẹ́ tí ó ti pe àwọn aládùúgbò wá kọ́lé sórí ilẹ̀ rẹ̀ fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó fẹ́ yí ìwé ilẹ̀ padà. Àwọn fúnra wọn rí i: ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní, lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn tí ó lé ní 15,000 ti dáhùn ìbéèrè wọn, wọ́n fi OGL àtijọ́ sílẹ̀ bí ó ṣe wà, wọ́n sì gbé ìpìlẹ̀ òfin ẹ̀dà karùn-ún sábẹ́ Creative Commons, ìwé àṣẹ tí ó fún gbogbo ènìyàn láyè láti lo iṣẹ́ kan, níbi tí wọn kò ti lè gbà á padà mọ́.

Kobold Press kò dúró. Òfin tirẹ̀, Tales of the Valiant, gba ohun tí ó ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ nínú ìdáwó lórí Kickstarter ní 2023, ìwé àwọn eléré rẹ̀ sì jáde ní 2024. Ní ọdún 2024 yẹn kan náà, Wizards bẹ̀rẹ̀ sí í ta Tome of Beasts ti Kobold Press lórí D&D Beyond, ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí Hasbro rà ní 2022, níbi tí ẹni tí ó bá wá ra ìwé Wizards ti ń bá ìwé ẹ̀dá abàmì olùdíje rẹ̀ pàdé lórí àtẹ kan náà, pẹ̀lú orúkọ Kobold Press lójú rẹ̀.